Òjé Tí Mo Fẹ́ Dín Kù: Àkọsílẹ̀ Gláídà Àkọ́kọ́ Tí Èmi àti Ọmọ Mi Kàn

Ní àárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù kẹrin, lórí òkè kan nínú àwọn òkè Chiltern ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọmọ mi gbé gláídà, ọkọ̀ òfurufú kékeré tí kò ní ẹ́ńjìnnì, tí a ti ń kàn láti oṣù kẹwàá, sókè orí, ó sáré ìṣísẹ̀ mẹ́ta, ó sì jù ú sójú afẹ́fẹ́. Ọwọ́ mi ni rìmóòtù wà. Gláídà náà gbé imú sókè bí ẹṣin tí wọ́n fa ìjánu rẹ̀ lójijì, ó dúró sójú kan, apá òsì rẹ̀ rọ̀, ó yí, ó sì forí sọlẹ̀. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Imú rẹ̀ ya kúrò lára, bátìrì fò jáde sínú koríko, ọmọ mi sì dúró níbi tó ti jù ú, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè.

Mo ń kọ èyí sílẹ̀ nítorí pé ohun tó gbé gláídà yẹn ṣubú kì í ṣe afẹ́fẹ́, kì í sì í ṣe bí mo ṣe di rìmóòtù mú. Nǹkan méjì ni, méjèèjì ló sì ti ṣẹlẹ̀ lórí tábìlì ìdáná wa ní Luton, ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí a tó gun òkè rárá. Ẹni tó bá fẹ́ kan tirẹ̀ lè rí wọn lórí tábìlì tirẹ̀, bí ó bá mọ ibi tí yóò wò.

Láti ìgbà tí mo ti dé Luton ni mo ti ń rí gláídà ńlá, irú èyí tí ènìyàn ń wọ̀, lókè Dunstable. London Gliding Club, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi gláídà fò, ti wà nídìí òkè náà láti 1930. Bí afẹ́fẹ́ bá ti ń ti ìwọ̀ oòrùn fẹ́, wọn a máa lọ, wọn a máa bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, láìsí ẹ́ńjìnnì, láìsí ariwo. Láàárín wọn ni àwòdì ń rà bàbà. Àwòdì ibí pupa ju tiwa lọ, ìrù rẹ̀ sì là sí méjì. Àwọn ènìyàn ti pa á run ní Gẹ̀ẹ́sì nígbà kan. Láàárín 1989 sí 1994 ni wọ́n kó òmíràn wá láti Sípéènì, tí wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ ní Chiltern. Wọ́n ti wá pọ̀ débi pé ènìyàn lè máa sá aṣọ lẹ́yìnkùlé kó rí mẹ́ta lókè orí rẹ̀. Àwọn àgbà ní àwòdì òkè kò mọ̀ pé ará ilẹ̀ ń wo òun. Ará ilẹ̀ tó ń wò ó nílé wa ni ọmọ mi ọkùnrin, ẹni ọdún mẹ́rìnlá. Ó bi mí lọ́jọ́ kan pé, “Dádì, kí ló ń gbé e dúró tí kò fi gbọn ìyẹ́?”

Mo sọ ohun tí mo mọ̀ fún un. Afẹ́fẹ́ tó bá sáré wá kọlu òkè kò lè gba inú òkè kọjá, ó di dandan kó gùn ún. Ẹyẹ náà ń rọra wálẹ̀ nínú afẹ́fẹ́ tó yí i ká ní gbogbo ìgbà, àmọ́ afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń yára gòkè ju bí ẹyẹ ṣe ń wálẹ̀ lọ, nítorí náà àwa tó wà nílẹ̀ ń rí i pé ó ń gòkè ni. Bákan náà ni níbi tí oòrùn ti mú ilẹ̀ gbóná: afẹ́fẹ́ ibẹ̀ a fúyẹ́, a gbéra, ẹyẹ tó bá sì mọ̀ ọ́n á máa yí po nínú rẹ̀. Ọmọ mi gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, “A lè ṣe èyí tó máa ṣe bẹ́ẹ̀?” Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

Gláídà tó kọ́kọ́ fi hàn mí lórí fóònù kì í ṣe irú èyí tí a kàn nígbẹ̀yìn. Funfun báláú ni, apá rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó gùn tó mítà mẹ́ta láti ṣóńṣó kan dé èkejì, fáíbà ni wọ́n fi dà á, servo mẹ́fà, mọ́tò kéékèèké tó ń yí àwọn ìdarí, ló sì wà nínú rẹ̀. Ó wu ojú mi pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ohun tó mú kó lẹ́wà gan-an ni kò jẹ́ kó yẹ ẹni tó ń kọ́ iṣẹ́. Apá tẹ́ẹ́rẹ́ bẹ́ẹ̀ ń fẹ́ eré. Bí eré rẹ̀ bá dín kù, ó ń já bọ́ láìkìlọ̀. Aileron rẹ̀, abala etí ẹ̀yìn apá tó ń gbéra tó sì ń rẹlẹ̀ láti fi yí i, ń fẹ́ ọwọ́ tó ti mọ iṣẹ́. Bí fáíbà bá sì fọ́, kì í ṣe orí tábìlì ìdáná la ti ń tún un ṣe.

Mo ní kí a kọ́kọ́ fi àwòrán sílẹ̀ ná, kí a ro ibi tí a ó ti máa fò ó. Mo gbà pé ibẹ̀ ló yẹ kí gbogbo ẹni tó ń yan gláídà àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Òkè wà nítòsí wa, kò tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú nínú ọkọ̀. Pápá bọ́ọ̀lù wà ní àdúgbò fún àdánwò. Kò sí ẹni tí yóò fi okùn fa gláídà sókè fún wa lójoojúmọ́, Sátidé nìkan ni mo sì ń ráyè.

Bó bá jẹ́ pé òkè etí òkun ni a ní, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń fẹ́ lójú méjèèjì, gláídà alápá lásán tí wọ́n fi fóòmù EPP gé ni ǹ bá ní ká rà. Kò ní ìrù, bí ó bá forí sọ òkúta á fò dìde, ẹ ó sì tún jù ú padà. Mo bọ̀wọ̀ fún un. Àmọ́ ó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ tó le, tiwa kì í sì í le tó bẹ́ẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bó bá jẹ́ pápá tó tẹ́jú nìkan ni a ní, ọ̀kan nínú àwọn fóòmù bíi mítà méjì tó ní mọ́tò kékeré nímú, irú Radian tàbí EasyGlider, ni ì bá dáa: mọ́tò á gbé e gòkè, ẹ ó pa á, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ á ká sẹ́yìn, ó di gláídà. Ohun kan ṣoṣo tí n kò fẹ́ nínú rẹ̀ ni pé inú páálí ló ti ń jáde ní kíkàn tán. Ọmọ mi sì ti sọ pé kí a ṣe é, kò sọ pé kí a rà á.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe yan onígi. Gláídà igi balsa, mítà méjì láti ṣóńṣó apá dé ṣóńṣó apá, servo méjì péré: ọ̀kan fún ìtọ́kọ̀ òòró tó wà ní ìrù, ọ̀kan fún elevator tó wà ní ìbú, èyí tó ń gbé imú sókè tàbí sílẹ̀. Gentle Lady ti ilé-iṣẹ́ Carl Goldberg ní Amẹ́ríkà wà lára àwọn tó sọ irú gláídà yìí di ohun tí gbogbo ayé mọ̀. Kò ní aileron, síbẹ̀ ó ń yí. Ìdí ni pé apá rẹ̀ kò tẹ́jú. Wọ́n gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè lọ́tùn-ún lósì. Bí ìtọ́kọ̀ bá yí imú sí ọ̀tún, apá òsì á síwájú, afẹ́fẹ́ á rí abẹ́ rẹ̀ mú, á gbé e sókè, gláídà á sì dagun sí ọ̀tún fúnra rẹ̀. Bí ẹ bá jọ̀wọ́ ọ̀pá rìmóòtù, apá tó rẹlẹ̀ á tún gbéra. Fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, ohun tó ń tọ́ ara rẹ̀ sọ́nà bẹ́ẹ̀ kò ṣe é fi wé ẹwà kankan. Tó bá sì fọ́, igi ni; igi á lẹ̀ mọ́ igi.

Ti òfin kò pẹ́. Nítorí pé ó wúwo ju gíráàmù 250 lọ, mo forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAA, àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òfurufú níbí, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ni ín, mo lẹ nọ́ńbà mi mọ́ ọn lára, èmi àti ọmọ mi sì ṣe ìdánwò orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹni tó ń fò ó gbọ́dọ̀ yege. A kì í fò kọjá mítà 120. A darapọ̀ mọ́ BMFA, ẹgbẹ́ àwọn tó ń fò ọkọ̀ òfurufú kékeré, tó ti wà láti 1922, nítorí adójútòfò (insurance) tó wà nínú rẹ̀ bí gláídà bá ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Rìmóòtù òde òní ń ṣiṣẹ́ lórí 2.4 GHz, ó sì ń mọ gláídà tirẹ̀ láàárín ogún. Nígbà tí 35 MHz ni wọ́n ń lò, bí ẹni méjì bá tan ojú ìlà kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn á já bọ́. Ìdí nìyẹn tí àwọn àgbàlagbà orí òkè ṣì ń béèrè kí wọ́n tó tan ohunkóhun.

Oṣù kẹwàá la tẹ́ pláànù sórí pátákó títẹ́jú, a fi ọ̀rá tó mọ́lẹ̀ bò ó kí gáàmù má baà lẹ̀ mọ́ ọn, a sì bẹ̀rẹ̀. Ecuador ni ọ̀pọ̀ igi balsa ti ń wá. Ó fúyẹ́ débi pé nígbà tí mo kọ́kọ́ gbé e, àárín pòpòrò àgbàdo ló wá sọ́kàn mi. Àmọ́ gbogbo rẹ̀ kò rí bákan náà. Òmíràn rọ̀ bí búrẹ́dì, òmíràn le, ó sì wúwo tó ìlọ́po méjì èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú páálí kan náà. Ẹ̀gbọ́n mi, káfíńtà ní Ìbàdàn, ń wò wá lórí fóònù ní alẹ́ Sátidé. Wọn kò rí gláídà kàn rí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ igi. Wọ́n ní kí a to gbogbo pátákó náà sílẹ̀, kí a wọn wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, kí a fi èyí tí iṣan rẹ̀ gùn tó sì le ṣe òpómúléró apá, kí a sì fi èyí tó fúyẹ́ jù pamọ́ fún ìrù. Mo ṣe ti òpómúléró. Ti ìrù, a ti gé e kí n tó rántí.

Apá dùn ún kàn. Òpómúléró méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, egungun ìhà mẹ́rìnlélógún tí a to sí wọn lára bí ìhà ẹja, igi etí iwájú tí a fi sáńpépà họ títí ó fi rí róbótó bí ẹyin, igi etí ẹ̀yìn tó mú bí abẹ. Ọmọ mi ló to gbogbo ìhà náà. Mo rí i tó ń mí díẹ̀díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ má baà gbọ̀n. A lo gáàmù funfun ti káfíńtà níbi tó ń fẹ́ agbára, a sì lo súpà gúlù níbi tí ọwọ́ kò lè dúró tì í. Oṣù méjì gbáko la fi ṣe apá nìkan, n kò sì kábàámọ̀ ọjọ́ kan nínú rẹ̀.

Ìrù ni àṣìṣe kìíní. A ti ń kánjú nígbà yẹn. Pátákó tó wà lọ́wọ́ wa le, ó wúwo, a fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Gáàmù ń ṣàn jáde lójú oríkèé, a kò nù ún. Ẹ̀gbọ́n mi rí i lórí fóònù, wọ́n ní, “Àbúrò, gáàmù tó ti ṣàn síta kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ o. Ẹrù ló dà.” Mo ní ẹrù kékeré ni. Nígbà tí mo gbé ìrù náà sórí òṣùwọ̀n tí ìyàwó mi fi ń wọn ìyẹ̀fun, gíráàmù 71 ni. Ohun tí pláànù ní lọ́kàn jẹ́ gíráàmù 45.

Gíráàmù 26 kò tó owó ẹyọ mẹ́ta lápò. Ìdí tí kò fi kéré lórí gláídà nìyí. Gláídà ní ojú ibì kan lábẹ́ apá tí ẹ bá fi ìka méjì gbé e, yóò dúró gbọọrọ láìtẹ síbì kankan. Lórí tiwa, ó yẹ kó jẹ́ mílímítà 75 sí etí iwájú apá. Láti ibẹ̀ dé ìrù jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 72. Láti ibẹ̀ dé imú, níbi tí ààyè wà fún òjé tí a fi ń mú un dọ́gba, jẹ́ 24 péré. Ọmọ kékeré tó jókòó sí ìpẹ̀kun igi jangirọ́fà lè gbé àgbàlagbà tó jókòó nítòsí àárín. Gíráàmù kan ní ìrù ń béèrè òjé gíráàmù mẹ́ta ní imú. Gíráàmù 26 wa béèrè 78. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 104 lórí gláídà tí gbogbo ara rẹ̀ kò yẹ kó ju 750 lọ.

Mo di òjé náà mú lọ́wọ́, ó sì dùn mí. Oṣù mẹ́rin la fi ń yọ gíráàmù kọ̀ọ̀kan kúrò lára apá, mo wá fẹ́ da òjé sí i nímú. Mo fi gíráàmù 40 sí i, mo gbé e lórí ìka, ó dọ́gba ní mílímítà 86. Mo sọ fún ọmọ mi pé mílímítà mọ́kànlá péré ló fi yàtọ̀ sí ti pláànù, pé kò lè ṣe nǹkan. Ó wo pláànù, ó wò mí, kò sọ̀rọ̀. Ohun tí mo rò pé mo fi pamọ́ kò ju gíráàmù 38 lọ.

Àṣìṣe kejì ṣẹlẹ̀ ní alẹ́ kan nínú oṣù kejì. Ọ̀rá tí a fi ń bo apá gláídà ní gáàmù ní inú. A ń lọ̀ ọ́ mọ́ igi bí ẹni ń lọ aṣọ, bí a bá sì tún fi ooru sí i, á súnkì, á le gbindin bí awọ ìlù. Agbára súnkì yẹn pọ̀. Apá ọ̀tún, àwa méjèèjì la jọ bò ó, ọmọ mi di ṣóńṣó rẹ̀ mú, mo ń lọ̀ ọ́. Apá òsì, èmi nìkan ni, ilẹ̀ ti ṣú, ọmọ ti sùn. Mo bo òkè rẹ̀, mo mú un súnkì tán pátápátá kí n tó yí i padà bo abẹ́. Òkè fa igi náà lọ́ nígbà tí kò sí ohun tó di abẹ́ mú. N kò rí i. Àwọ̀ pupa náà ń dán, mo sì gbé e kọ́ ògiri.

Ọ̀sẹ̀ kan kí a tó lọ sórí òkè, a jù ú lẹ́ẹ̀mẹ́fà ní pápá bọ́ọ̀lù ní àárọ̀ tí afẹ́fẹ́ kò fẹ́. A ti kọ́kọ́ wo ìdarí rẹ̀: mo fa ọ̀pá sẹ́yìn, elevator gbéra, mo tì í sí ọ̀tún, ìtọ́kọ̀ yí sí ọ̀tún. Ọmọ mi rìn jìnnà pẹ̀lú gláídà láti fi mọ̀ bóyá rìmóòtù ṣì ń bá a sọ̀rọ̀. Gbogbo èyí dáa. Nígbà tí a jù ú, ó ń fẹ́ gbé imú díẹ̀, ó sì ń fà sí ọ̀tún. Mo tẹ bọ́tìnnì ìtúnṣe lórí rìmóòtù: elevator wálẹ̀ díẹ̀, ìtọ́kọ̀ sí òsì díẹ̀. Ní ìjù kẹfà ó lọ gbọọrọ, ó balẹ̀ jẹ́jẹ́, ọmọ mi sì pariwo ayọ̀. Gláídà náà ti sọ àìsàn rẹ̀ méjèèjì fún mi ní pápá yẹn. Mo fi bọ́tìnnì bo ẹnu rẹ̀.

Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lórí òkè.

Bàbá àgbàlagbà kan, òyìnbó, tí wọ́n ti ń fò níbẹ̀ tipẹ́, ló wá bá wa níbi tí a ti ń ṣa ègé igi. Wọn kò kí wa kú àdánù. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ní kí ọmọ mi di imú tó ya mọ́ àyè rẹ̀, kó fi bátìrì padà síbi tó wà, wọ́n sì fi ìka méjì gbé gláídà lábẹ́ apá. Ìrù rẹ̀ rọ̀ sílẹ̀ kí ìka wọn tó dé ojú àmì. Wọ́n béèrè ibi tí pláànù ní kó wà. Mo ní 75. Wọ́n béèrè ibi tí tiwa wà. Mo ní 86. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní gláídà tí ìdọ́gba rẹ̀ bá wà sẹ́yìn jù kò mọ bí a ti ń padà sípò; bí afẹ́fẹ́ bá ti imú rẹ̀ sókè ní ìwọ̀n kan, òun fúnra rẹ̀ á fi méjì kún un.

Lẹ́yìn náà wọ́n dúró sí ẹ̀yìn ìrù, wọ́n di ojú kan, wọ́n sì ń wo apá láti ẹ̀yìn bí káfíńtà ṣe ń wo igi bóyá ó tọ́. Wọ́n pe ọmọ mi kó wá wò ó. Etí ẹ̀yìn ṣóńṣó apá ọ̀tún gbéra ní mílímítà mẹ́ta, bí pláànù ṣe fẹ́. Ti òsì lọ́ wálẹ̀ ní mẹ́rin. Ibẹ̀ ni ohun tó ń dà mí láàmú ti yé mi. Ṣóńṣó tó lọ́ wálẹ̀ ń gbé afẹ́fẹ́ jù. Nígbà tí eré bá wà, ó ń gbé apá òsì sókè, gláídà á fà sí ọ̀tún, gẹ́gẹ́ bí a ti rí i ní pápá. Àmọ́ ṣóńṣó yẹn kan náà ló ń kọ́kọ́ pàdánù agbára tó ń gbé e dúró nígbà tí eré bá dín kù, á sì já bọ́ sí òsì. Ìtọ́kọ̀ tí mo tẹ̀ sí òsì láti fi tọ́ ọ sọ́nà tún fa apá òsì sẹ́yìn, ó dín eré rẹ̀ kù sí i. Ìtúnṣe mi ló bá a parí rẹ̀.

Ẹni tó bá ń kàn gláídà, ẹ dákun, kí ẹ tó jù ú, ẹ dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ di ojú kan, kí ẹ wò ó. Kò gba ìṣẹ́jú kan.

A padà sílé. Mo ní kí ọmọ mi simi fún ọ̀sẹ̀ kan, kò gbà. Alẹ́ ọjọ́ náà ló ti ń gé imú tuntun. Igi tó ya gùn, ó ṣe tún lẹ̀, nítorí pé kò fọ́ pẹlẹbẹ, ó là ní ìlà iṣan rẹ̀ ni. A fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ méjì kún un ní inú lọ́tùn-ún lósì. Ìdí tí mo fi yan onígi dípò fóòmù àti fáíbà nìyẹn, kò sì já mi kulẹ̀: iṣẹ́ alẹ́ méjì.

Ìrù ńkọ́? A kò tún un ṣe. A jù ú nù, a kàn òmíràn. Ní ọjọ́ náà ni mo tó ṣe ohun tí ẹ̀gbọ́n mi ti wí. A wọn gbogbo pátákó tó kù, a mú èyí tó fúyẹ́ jù, a kò fi pátákó odindi ṣe é mọ́, igi tẹ́ẹ́rẹ́ la fi di férémù tí a sì fi ọ̀rá bò. Ọmọ mi ń fi ṣóńṣó ìgò kán gáàmù, ẹ̀kán kan sí oríkèé kan, ó sì ń fi òwú nu ohun tó bá ṣẹ́kù. Gíráàmù 47. Nígbà tí òṣùwọ̀n kọ iye yẹn, ó pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù fúnra rẹ̀. “Bàbá, ẹ wò ó.” Wọ́n ní kó yí i padà kí àwọn rí ẹ̀yìn rẹ̀. Wọ́n wò ó pẹ́, wọ́n ní, “Ọwọ́ rẹ ti ń mọ igi.”

Apá òsì kò gba igi kankan. Ọmọ mi di ṣóńṣó rẹ̀ mú, ó lọ́ ọ sókè kọjá ibi tó yẹ, mo ń fi áyọ́ọ̀nù ooru rìn lórí ọ̀rá lókè, lẹ́yìn náà nísàlẹ̀, títí gbogbo ìhunjọ fi parẹ́. Kò jọ̀wọ́ rẹ̀ títí ó fi tutù. A wọ̀n ọ́n: mẹ́ta lókè. A tún wọ̀n ọ́n ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta, nítorí pé ọ̀rá lè padà sí ìwà àtijọ́. Mẹ́ta ló ṣì jẹ́.

Imú tí a tún ṣe ti wúwo díẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ran ìdọ́gba lọ́wọ́. Nígbà tí a gbé e lórí ìka, kò béèrè ju òjé gíráàmù mélòó kan kó tó dọ́gba ní 75 gẹ́lẹ́. Gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 765. Ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 19 lórí dẹ̀símítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan apá, fífúyẹ́ tó dára fún gláídà bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ìrù àtijọ́ ni a fi òjé tó pé bá dọ́gba, 850 ni ì bá kọjá. Gláídà tí mo fẹ́ fi òjé díẹ̀ gbà là lè fúyẹ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ni ó ti yẹ kí n ti dín in, kì í ṣe iwájú.

A kò padà sórí òkè títí di òpin oṣù karùn-ún. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ jẹ́jẹ́, koríko ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Bàbá náà wà níbẹ̀ lórí àga wọn. A ti dá gbogbo bọ́tìnnì ìtúnṣe padà sí àárín ní pápá, gláídà sì ti lọ gbọọrọ láìbéèrè ohunkóhun. Ọmọ mi jù ú. Ó jáde kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń rìn lórí ilẹ̀ títẹ́, ó dé ibi tí afẹ́fẹ́ ti ń gun òkè, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí gbéra, gbogbo apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Nígbà tó ga tó, bàbá náà ní kí n dan ìdọ́gba wò. Mo tẹ imú rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀, mo sì jọ̀wọ́ ọ̀pá. Bó bá túbọ̀ ń wálẹ̀ sí i, ẹ̀yìn ló wúwo. Bó bá fò sókè fìrì, iwájú ló wúwo jù. Tiwa sáré wálẹ̀ díẹ̀, ó rò ó, ó sì fúnra rẹ̀ gbé imú padà bọ̀ sípò, jẹ́jẹ́. Bàbá náà mi orí, wọ́n padà sídìí tíì wọn.

Ní ìṣẹ́jú kẹrin mo gbé rìmóòtù fún ọmọ mi. Mo ti sọ ohun kan ṣoṣo fún un: kó má yí i sí ẹ̀yìn òkè láé, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń ya wálẹ̀, ojú afẹ́fẹ́ ni kó máa yí i sí nígbà gbogbo. Ó mú un lọ sí òsì, ó mú un bọ̀ sí ọ̀tún, ó tún mú un lọ. Ọwọ́ rẹ̀ kò gbọ̀n. Ní ìṣẹ́jú kẹsàn-án àwòdì kan jáde láti inú àwọn igi ìsàlẹ̀, ó gòkè wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ gláídà pupa náà, ó yí orí wò ó, kò sì sá. Àwọn méjèèjì ń lọ lójú kan náà, ìyẹ́ kò gbọ̀n, apá kò gbọ̀n.

Mo na ọwọ́ kí n gbà á kí ó tó balẹ̀, nítorí pé bíbalẹ̀ ló le jù. Kò yí ojú kúrò lókè. Ó ní, “Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbà á.” Mo ki ọwọ́ mi méjèèjì bọ àpò.